Ọkùnrin Tó Kó Jáde Nínú Ilé Ara Rẹ̀

Ẹkún ni aránṣọ ń gbé mì lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ pàdé ọkùnrin tó padà di ọkọ rẹ̀. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì onírin tó wà níwájú ọ́fíìsì ìmígíréṣọ̀n, fọ́ọ̀mù kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó ti rún bí aṣọ tí wọn ò lọ̀.

Òfin ìlú òkèèrè tó ń gbé kò le. Àjèjì tó bá kó láti ilé kan sí òmíràn gbọ́dọ̀ wá sọ àdírẹ́sì rẹ̀ tuntun fún ìjọba kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, kí ẹni tó gbà á sílé sì fọwọ́ sí i pé lóòótọ́ ló wà níbẹ̀. Ó tán. Ṣùgbọ́n ìyá tó fún aránṣọ ní yàrá kò fẹ́ fọwọ́ sí nǹkan kan. Ayálégbé ni obìnrin náà fúnra rẹ̀. Ẹ̀yìn onílé ló ń fi yàrá háyà, kò sì fẹ́ kó hàn síta.

"Ilé lo fẹ́ gbé, àbí èmi lo fẹ́ gbé ṣubú?" ló bi aránṣọ nígbà tó gbé fọ́ọ̀mù náà síwájú rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ìwé ìgbélùú aránṣọ máa tó tán, wọn ò sì ní tún un ṣe fún ẹni tí ìjọba kò mọ ibi tó ń sùn. Ó ti ṣàlàyé títí lójú fèrèsé, òṣìṣẹ́ kàn ń mi orí ni. Ló bá jáde wá jókòó, ó sì sọ ọ́ síta láìmọ̀ pé ẹnikẹ́ni lè gbọ́:

"Ọlọ́run mi, ta ni mo fẹ́ ké sí báyìí?"

"Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ mi ná," ni ohùn kan dáhùn lẹ́yìn rẹ̀. "Mi ò ṣèlérí pé mo lè ṣe nǹkan kan o, ṣùgbọ́n mo gbọ́ èdè wa."

Aránṣọ yíjú padà. Ọkùnrin gíga kan ló dúró níbẹ̀, èérún igi ṣì wà nínú irun rẹ̀. Káfíńtà ni, iléeṣẹ́ tó ń ṣe ilẹ̀kùn àti fèrèsé ló ti ń ṣiṣẹ́. Òun náà wá sọ àdírẹ́sì tuntun ni. Láti ìgbà tó ti dé ìlú yìí, yàrá àpapọ̀ ló ń gbé, àwọn ọkùnrin mẹ́rin lórí ibùsùn alájà. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ilé tirẹ̀, yàrá méjì pẹ̀lú ilé ìdáná. Ẹnu rẹ̀ kò lè pàdé. Ó ń fi ìwé tí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí han aránṣọ bí ìyá ìkókó ṣe ń fi ọmọ hàn.

Nígbà tí aránṣọ wá sọ ìṣòro tirẹ̀, ẹ̀rín kúrò lójú ọkùnrin náà. Ó ká ìwé rẹ̀, ó tì í bọ àpò.

"Ẹ má bínú. Ayọ̀ tèmi ti ń pariwo jù."

Lóòótọ́, kò rí nǹkan kan ṣe sí ọ̀rọ̀ náà lọ́jọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n bó ṣe ká ìwé yẹn wọnú àpò kò kúrò lọ́kàn aránṣọ. Àwọn tó ti rí látàárọ̀, kò sí èyí tó rántí pé ayọ̀ òun lè máa gún ẹlòmíràn lójú.

Òtẹ́ẹ̀lì ni aránṣọ ti ń ṣiṣẹ́. Aṣọ ibùsùn tó ya, kọ́tínì tó jábọ́, bọ́tìnnì ẹ̀wù àwọn agbóúnjẹ, òun ló ń tún wọn ṣe. Lọ́jọ́ Sátidé, ó máa ń gba iṣẹ́ kéékèèké sí yàrá rẹ̀, ó sì ti júwe ibẹ̀ fún káfíńtà kí wọ́n tó pínyà. Sátidé tó tẹ̀lé e, káfíńtà kan ilẹ̀kùn, ó gbé ṣòkòtò kan wá. Ó ní ó gùn jù. Aránṣọ gé e. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó tún gbé ṣòkòtò yẹn kan náà dé, ó ní ó ṣì ń wọ́lẹ̀ díẹ̀. Aránṣọ tún gé e. Ìgbà tó gbé e dé lẹ́ẹ̀kẹta, aránṣọ na ṣòkòtò náà sókè.

"Ẹ̀gbọ́n, tí mo bá tún gé nǹkan yìí, ó ti di ti ọmọ iléèwé. Ṣé ẹ fẹ́ padà sí kíláàsì ni?"

Káfíńtà wo ṣòkòtò, ó wo ilẹ̀. "Ṣé ẹ lè fi èyí tí ẹ gé padà sí i?"

"Èyí tí mo ti dà nù?"

"Ó dáa, ẹ jẹ́ kí n lọ mú òmíràn wá."

Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín títí ìyá tó fún aránṣọ ní yàrá fi kan ògiri.

Onídìrí kan wà ní ìkóríta, ó dàgbà ju aránṣọ lọ, ó sì fẹ́ràn rẹ̀ bí àbúrò. Ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tó gbọ́ ìtàn ṣòkòtò, ó ní, "Ọkùnrin yẹn kò wá aránṣọ o. Aya ló ń wá."

"Kò sọ nǹkan kan fún mi."

"Ṣòkòtò mélòó lo fẹ́ kó gbé wá kí o tó gbọ́?"

Aránṣọ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Ọkùnrin tó ń wá láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ tí kò la ẹnu, ṣé kì í ṣe pé ó kàn ń wá ẹni tí yóò bá a sọ èdè rẹ̀? Bó ti ń rò ó, òwú ń já lẹ́nu abẹ́rẹ́.

Kò pẹ́ tí ìwé dé láti ìmígíréṣọ̀n. Wọ́n ní kó wá tún ìwé ìgbélùú rẹ̀ ṣe, kó sì mú àdírẹ́sì tí ẹni tó gbà á sílé ti fọwọ́ sí wá. Ó gbé e tọ onídìrí lọ.

"Ìyẹn kò le," ni onídìrí wí. "Sọ fún káfíńtà kó fọwọ́ sí i pé ilé òun lo wà. Ẹ máa kọ ọ́ síbẹ̀ ni, o kò ní lọ gbé ibẹ̀. Ta ni kì í ṣe é?"

Ó ti aránṣọ lójú, ṣùgbọ́n kò rí ọ̀nà mìíràn. Nígbà tí káfíńtà wá ní Sátidé, aránṣọ sọ ọ́ fún un, ojú rẹ̀ wà lára maṣíìnì. Ọkùnrin náà gbé ṣòkòtò ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀.

"Mi ò lè fọwọ́ sí i pé ẹ wà nílé mi nígbà tí ẹ ò sí níbẹ̀," ló wí.

Ó dà bí ẹni pé wọ́n da omi tútù sí aránṣọ lára. "Ó dáa. Ẹ ṣeun." Ó dìde, ó ká ṣòkòtò rẹ̀ fún un. Káfíńtà fẹ́ sọ̀rọ̀ sí i, aránṣọ ti ṣí ilẹ̀kùn.

Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn ló fi ń bá ara rẹ̀ jà. Ṣé ọkùnrin yìí ni mo ń wọ aṣọ dáadáa dè ní Sátidé? Ẹni tí kò lè fi bíírò lásán gbà mí? Bó ti ń bínú náà ni ohùn kan ń sọ fún un nínú pé ọkùnrin náà kò purọ́, pé òun gan-an ló ní kó pa á. Ìyẹn ló tún bí i nínú jù.

Ọ̀sán Sunday, ó gbọ́ ìkànlẹ̀kùn. Káfíńtà ló dúró níta, àpò irinṣẹ́ wà léjìká rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ méjì tó so mọ́ okùn wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mo ti kó jáde," ló wí.

"Ẹ kó jáde níbo?"

"Nínú ilé mi. Mo ti bá onílé sọ ọ́, ó ní òun gbà kí ẹ wọlé. Owó tí ẹ ń san fún ìyá ibí yìí, ẹ máa san án síbẹ̀. Ọ̀gá mi ní yàrá kan lẹ́yìn ibi iṣẹ́ wa, ibẹ̀ ni mo wà báyìí."

Aránṣọ kò lè gba kọ́kọ́rọ́. "Kí ló dé? Ìfọwọ́sí lásán ni mo bẹ̀ yín."

"Irọ́ ni ẹ bẹ̀ mí. Tí wọ́n bá wá wo ilé tí wọn ò bá yín níbẹ̀, ta ni wọ́n máa dá padà? Kì í ṣe èmi. Ẹ̀yin ni." Ó gbé kọ́kọ́rọ́ sórí maṣíìnì. "Yàrá méjì ló wà níbẹ̀ lóòótọ́, à bá pín in. Ṣùgbọ́n ẹ ní bàbá, ẹ ní ìyá. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá gbọ́ láti òkèèrè, ó ti máa ń wú kó tó dé. Ẹ lọ gbé ilé náà. Òótọ́ ni mo máa fọwọ́ sí."

Aránṣọ jókòó sórí ibùsùn, ó bo ojú. Ọkùnrin tó ń fi ìwé ilé hàn án bí ìkókó lọ́jọ́sí, òun ló gbé ilé náà lé e lọ́wọ́ yìí, tí kò sì béèrè nǹkan kan.

Àwọn méjèèjì jọ lọ sí ọ́fíìsì. Òṣìṣẹ́ ojú fèrèsé, obìnrin onídígí kan, gbé fọ́ọ̀mù méjèèjì síra. Àdírẹ́sì kan náà ni. Ọ̀kan ń jáde níbẹ̀, ìkejì ń wọ ibẹ̀. Ó wò wọ́n láti òkè dé ilẹ̀.

"Ṣé ọkọ àti aya tó ń kọ ara wọn sílẹ̀ ni yín?"

Aránṣọ fẹ́ wọlẹ̀. Káfíńtà dá obìnrin náà lóhùn kíá, wọ́n lu òǹtẹ̀, wọ́n jáde.

"Kí ni ẹ sọ fún un?" ni aránṣọ bi í níta, nítorí kò tíì gbọ́ èdè ìlú náà tó bẹ́ẹ̀.

"Mo ní a ò tíì fẹ́ra."

"Tíì?"

Káfíńtà ń wo mọ́tò tó ń kọjá. "Bọ́ọ̀sì yín ti ń bọ̀," ló wí.

Láti ìgbà náà, ọjọ́ Sunday di ọjọ́ wọn. Káfíńtà á wá ní ọ̀sán, á kan pákó mọ́ ògiri fún àwọn òwú aránṣọ, á tún fèrèsé tí atẹ́gùn ń gbà wọlé ṣe. Tó bá ti wọlé, wọn kì í ti ilẹ̀kùn. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti gbé àpò rẹ̀. "Ẹ" di "o" láàárín wọn, wọn ò mọ ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀. Nígbà òtútù, ikọ́ mú ọkùnrin náà, nítorí yàrá ẹ̀yìn iṣẹ́ kò móoru. Aránṣọ bẹ̀ ẹ́ pé kó padà sílé rẹ̀, pé òun á wá ibòmíràn.

"Àdírẹ́sì tí ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà yẹn lo fẹ́ tú ká?" ni káfíńtà wí. "Ikọ́ ni, kì í ṣe ikú."

Tó bá ti sọ̀kalẹ̀, aránṣọ á sáré lọ sójú fèrèsé, á máa wo ẹ̀yìn rẹ̀ títí yóò fi yà. Ó wù ú kó ké pè é padà. Ó sì mọ̀ pé tí òun bá pè é tó sì padà, kì í ṣe ọkùnrin yẹn mọ́ lòun ń wò.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ní orí àtẹ̀gùn, káfíńtà dúró.

"Ọ̀rọ̀ tí mo sọ ní ọ́fíìsì yẹn, mo fẹ́ yọ 'tíì' inú rẹ̀ kúrò."

Aránṣọ rò ó. "Tí o bá yọ 'tíì', 'a ò fẹ́ra' ló kù."

"Háà! Jẹ́ kí n yọ 'ò' náà."

Aránṣọ ka èyí tó kù sínú: 'a fẹ́ra'. Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

Onídìrí ló ṣe alárinà. Ó pe ìyá aránṣọ lórí fóònù, ó fi ẹ̀sọ̀ sọ ọ́, ìyá yọ̀. Ṣùgbọ́n bàbá aránṣọ, ọ̀gá iléèwé tó ti fẹ̀yìn tì, gba fóònù lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀.

"Iṣẹ́ wo ló ń ṣe?"

"Káfíńtà ni, sà."

"Níbo ló ń gbé?"

Onídìrí ní kí aránṣọ dáhùn fúnra rẹ̀. "Ẹ̀yìn ibi iṣẹ́ rẹ̀ ni, bàbá mi."

"Ọkùnrin tí kò nílé! Ibo ló fẹ́ mú ọ wọ̀, abẹ́ tábìlì ìfági?"

Aránṣọ kò lè sọ pé ilé ọkùnrin náà lòun wà. Nígbà tó kó wọ ibẹ̀, ó kàn sọ fún àwọn òbí rẹ̀ pé òun rí ilé ni. Tó bá sọ ọ́ báyìí, ta ni yóò gbà á gbọ́ pé àwọn kò jọ gbé ibẹ̀?

Bàbá kò fi mọ bẹ́ẹ̀. Ó ní àbúrò kan tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù ní ìlú mìíràn ní orílẹ̀-èdè yẹn kan náà. Bàbá Kékeré ni aránṣọ ń pè é. Ẹ̀gbọ́n rán an pé kó lọ fojú ara rẹ̀ rí. Bàbá Kékeré dé láìsọ tẹ́lẹ̀, ó gun àtẹ̀gùn. Kó tó kan ilẹ̀kùn, ó ka orúkọ tó wà lára rẹ̀. Orúkọ méjì ni: ti ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, àti ti káfíńtà lókè rẹ̀.

Ibẹ̀ ló dúró sí tó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ìgbà tí aránṣọ ṣílẹ̀kùn, ohùn bàbá rẹ̀ ló kọ́kọ́ gbọ́ nínú fóònù.

"O ti kó wọlé tọ ọkùnrin! O wá ní ó ń gbé ẹ̀yìn ibi iṣẹ́!"

"Bàbá mi, ẹ gbọ́ mi ná..."

"Má pè mí títí màá fi pè ọ́."

Bàbá rẹ̀ pa fóònù. Bàbá Kékeré kò wọlé, kò jókòó. Ó béèrè ibi iṣẹ́ ọkùnrin náà, ó sì kọrí síbẹ̀ bí ẹni tó ń lọ jà.

Yàrá tí wọ́n júwe fún un kò ju ibi tí wọ́n ń kó pákó sí lọ. Ibùsùn kékeré kan wà láàárín férémù ilẹ̀kùn tí wọn ò tíì kùn. Abọ́ kan, síbí kan, kẹ́tùlù kan. Kóòtù méjì rọ̀ lórí ìṣó. Èérún igi wà lórí bùláńkẹ́ẹ̀tì, ó sì hàn pé ẹni tó ń sùn níbẹ̀ ti ń gbọ̀n ọ́n nù lójoojúmọ́ tí kò tán. Káfíńtà dìde, ó dọ̀bálẹ̀, ó gbé àga kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ fún àlejò.

"Orúkọ rẹ wà lára ilẹ̀kùn ọmọ mi," ni Bàbá Kékeré wí láìjókòó.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Èmi ni mo gba ilé náà lọ́wọ́ onílé. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tó ti wọlé, mi ò sùn níbẹ̀ rí."

"Kí ló wá dé tí o fi jáde?"

Káfíńtà sọ ọ́ fún un, láti orí bẹ́ǹṣì ọ́fíìsì dé orí kọ́kọ́rọ́. Kò fi ara rẹ̀ ṣe akọni nínú rẹ̀. Ó ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ bí wọ́n ṣe ń kan tábìlì. Bàbá Kékeré ń gbọ́, ó ń wo kẹ́tùlù, ó ń wo ìṣó. Àjèjì lòun náà ní ìlú yìí. Ó mọ bí ó ti rí kí ènìyàn máa sá wọlé bí olè nínú ilé tí ìjọba kò mọ̀ pé ó wà, kí àyà máa já nígbàkígbà tí wọ́n bá kan ilẹ̀kùn. Nígbà tirẹ̀, ó bẹ èèyàn lọ títí. Kò sí ẹni tó ṣí ilẹ̀kùn fún un, ká tó wá sọ ẹni tó jáde fún un.

Ó jókòó sórí àga. Ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ padà.

"Ẹ̀gbọ́n, ojú mi ló sáré jù. Iwájú ibùsùn ọkùnrin náà ni mo wà yìí. Ẹnì kankan ò lè fara da ibí lọ́jọ́ méjì, ó ti ń sùn níbẹ̀ láti ọdún tó kọjá nítorí orúkọ ọmọ yín."

Wọ́n gbọ́ ohùn ìyá aránṣọ lẹ́yìn: "Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló kọ́kọ́ fi sẹ́nu! Bàbá, ẹ bá ọmọ ọlọ́mọ sọ̀rọ̀, ẹ jọ̀ọ́."

Bàbá ní kí wọ́n gbé fóònù fún káfíńtà.

"Ìbéèrè kan ni mo ní," ni bàbá wí. "Nígbà tí o fi ilé sílẹ̀ fún ọmọ mi, ṣé o ti ń fẹ́ ẹ, àbí àánú ló ṣe ọ́?"

"Mo ti ń fẹ́ ẹ, sà."

"Kí ló wá dé tí o kò dúró sínú ilé?"

"Bí mo ṣe fẹ́ ẹ tó ló jẹ́ kí n jáde, sà."

Ọ̀gá iléèwé wúkọ́. "Àwọn ọmọ tí mo kọ́ kí n tó fẹ̀yìn tì pọ̀," ló wí. "Mi ò rí ẹni tó dá mi lóhùn báyìí rí. Bàbá rẹ ńkọ́? Ṣé ó wà láyé? Fún mi ní nọ́ńbà rẹ̀, kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó kọ́ ọ." Ó tún wúkọ́. "Sọ fún ọmọ mi kó pè mí."

Ìdílé méjèèjì sọ̀rọ̀, wọ́n gbà. Kí ìgbà òtútù mìíràn tó dé, wọ́n ti so wọ́n pọ̀ lọ́kọláya, onídìrí ló sì di irun ìyàwó láìgba nǹkan kan.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé ìgbéyàwó, tọkọtaya lọ sí ọ́fíìsì ìmígíréṣọ̀n, Bàbá Kékeré tẹ̀lé wọn. Obìnrin onídígí yẹn náà ló wà lójú fèrèsé. Ó wo fọ́ọ̀mù, ó wo kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó yọ dígí lójú.

"Nínú ìwé tiwa, ìyàwó yín ló ń gbé ilé yìí. Ó gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i pé òun gbà yín sílé."

Bàbá Kékeré fi ọwọ́ bo ẹnu. "Ọkùnrin ló wá ń wọlé tọ ìyàwó? Ẹ̀gbọ́n mi kò gbọ́dọ̀ gbọ́ èyí láéláé."

Káfíńtà tẹ̀ síwájú ìyàwó rẹ̀ bí ẹni tó wá wá yàrá. "Ìyá onílé, ṣé ẹ gbà mí?"

Aránṣọ fọwọ́ sí i.

Ó ku ìbéèrè kan nísàlẹ̀ fọ́ọ̀mù. Òṣìṣẹ́ náà gbé ọwọ́ sórí bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà rẹ̀. "Kí ni ìdí tí ẹ fi kó? Iṣẹ́ ni, ẹ̀kọ́ ni, àbí kí ni kí n kọ?"

Káfíńtà wo ìyàwó rẹ̀.

"Ẹ kọ ọ́ pé mò ń lọ sílé."

Obìnrin náà gbé dígí rẹ̀ padà sójú. Ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ó sì lu òǹtẹ̀.